Ọlọ Inú àti Ẹ̀rọ Tí Ń Yàwòrán Rẹ̀

 

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí lọ́kùnrin lóbìnrin, ẹni tí ó bá ń ra ẹran ní Ọjà Akẹ̀sán, níwájú ààfin Ọ̀yọ́, yóò ti rí ẹran dúdú pẹlẹbẹ kan tí ó jọ ẹ̀dọ̀. Ọlọ inú ni. Àwọn kan ń sá fún un pé ẹ̀jẹ̀ ni, ṣùgbọ́n hadíìsì Ibn Umar, tí Ibn Majah gbà wá, ti yọ òun àti ẹ̀dọ̀ kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ tí ó jẹ́ haraamu.

Tiwa wà lábẹ́ egungun ìhà òsì. Ó ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀, ó sì ń mú sẹ́ẹ̀lì pupa tí ó ti gbó kúrò. Ibà a máa mú un wú. Kókó tàbí jẹjẹrẹ tí ó bẹ̀rẹ̀ láti inú rẹ̀ gan-an kò wọ́pọ̀, èyí ni ó fi ń dààmú oníṣègùn. Síkáànù lè fi kókó hàn, kí ó má lè sọ irú èyí tí ó jẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni a kò gbọdọ̀ sáré gbé ọ̀bẹ, nítorí ẹni tí a bá yọ ọlọ inú rẹ̀, àrùn líle yóò máa tètè mú un.

Àwọn oníṣègùn a máa gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lára aláìsàn, wọn a fi ooru pa sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ lára, wọn a pò ó mọ́ technetium-99m tí ń tú ìtànṣán jáde, wọn a sì fún un padà bí abẹ́rẹ́. Ọlọ inú yóò kó wọn mọ́ra, iṣẹ́ rẹ̀ kúkú ni. Kámẹ́rà gamma yóò wá ya ibi tí wọ́n kó jọ sí. Bí kókó náà bá kó wọn jọ, ó sábà máa ń jẹ́ ọmọ ọlọ inú tí a bí mọ́ ẹlòmíràn, kì í ṣe jẹjẹrẹ. Bí kò bá kó wọn jọ, àyẹ̀wò kò tí ì parí. Ẹ̀rọ yìí nìkan kì í dájọ́ jẹjẹrẹ.

Ní UCH Ìbàdàn ni irú ìṣègùn yìí ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà, ní ọdún 2006. Ẹni tí ń lọ láti Ọ̀yọ́ kí ó kọ́kọ́ béèrè bóyá oògùn rẹ̀ wà nílẹ̀, nítorí kì í ṣe ohun tí a lè tọ́jú pamọ́: lẹ́yìn wákàtí 6, agbára rẹ̀ ti dín sí ìdajì, bí ó bá pé ọjọ́ kan, ó ku ìdá kan nínú 16. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí a fi í wé bọ́ǹbù. Ṣùgbọ́n obìnrin tí ó lóyún tàbí tí ń fọ́mọ lọ́mú gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà kí wọ́n tó fún un ní abẹ́rẹ́ náà.