Fàdákà àti Èèpo Edé

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, gbogbo wa la mọ fàdákà tí a fi ń rọ òrùka. Ṣé ẹ mọ̀ pé ó tún ń pa kòkòrò àrùn? Ní 1880, dókítà Credé ní ìlú Leipzig, ní Jámánì, bẹ̀rẹ̀ sí í kán omi iyọ̀ fàdákà sí ojú ọmọ tuntun, kí wọ́n má bàa fọ́jú.

Lónìí, àwọn onímọ̀ ń sọ fàdákà di èérún. Bí èérún kan bá jẹ́ nànómítà 10, a ó to 100,000 irú rẹ̀ kí ó tó gùn tó mìlímítà 1. Kí ni ànfààní rẹ̀? Bí a bá sọ odindi iṣu sínú omi iyọ̀, ara òde nìkan ni iyọ̀ yóò kàn. Bí a bá gé e wẹ́wẹ́, iyọ̀ á kàn án níbi púpọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni fàdákà wẹ́wẹ́ ṣe ń kan kòkòrò.

Ṣùgbọ́n èérún wọ̀nyí a máa lẹ̀ mọ́ra. Bí wọ́n bá ṣù, agbára wọn á dín. Ohun tó lè yà wọ́n sọ́tọ̀ ni káítósáànì, tí a ń rí lára èèpo edé àti akàn.

Bí wọ́n ti ń ṣe é nìyí:

1. Wọ́n á fọ èèpo edé, wọ́n á sá a, wọ́n á lọ̀ ọ́. Wọ́n á fi ásíìdì àti kọ́sítíìkì sè é di káítósáànì.

2. Wọ́n á yọ́ ọ nínú omi kíkan bíi fínígà, á sì ki bí ẹ̀kọ mímu.

3. Wọ́n á da omi iyọ̀ fàdákà sí i, pẹ̀lú ohun tí yóò sọ iyọ̀ náà di fàdákà. Ní 2016, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Ladoke Akíntọ́lá, Ògbómọ̀ṣọ́, ròyìn pé omi èèpo kòkó lè sọ iyọ̀ fàdákà di èérún fàdákà. Omi náà á pọ́n bíi tíì.

4. Wọ́n á tẹ́ ẹ sínú àwo pẹrẹsẹ, á gbẹ, á fẹ́lẹ́ bí ọ̀rá.

Bí a bá fi bo egbò, fàdákà á máa jáde díẹ̀díẹ̀, á ba ara kòkòrò jẹ́.

Ẹ gbọ́ ìkìlọ̀ o! Abẹ́rẹ́ kéré, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Iyọ̀ fàdákà a máa jó ara. Ẹni tó bá ń mu omi fàdákà pẹ́, ara rẹ̀ lè dà bí eérú, kò sì ní padà bọ̀ sípò. Ẹ má dán an wò nílé, ẹ má rà á lọ́wọ́ oníkiri. Bí ẹ bá ní egbò, ẹ fi omi tó mọ́ fọ̀ ọ́, ẹ fi aṣọ tó mọ́ bò ó, kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn.

ÌBÉÈRÈ
1. Iṣẹ́ wo ni káítósáànì ń ṣe láàárín èérún fàdákà?
2. Kí ló dé tí kò fi yẹ kí a mu omi fàdákà?