Ṣé Ọ́tísímù Ló Ń Sọ Èèyàn Di Apànìyàn?

Ẹ jẹ́ ká fi ìbéèrè kan bẹ̀rẹ̀. Ká ní wọ́n mú olè kan ládùúgbò yín, tó wá jẹ́ pé ọlọ́wọ́ òsì ni. Ṣé ẹ máa sọ pé ọwọ́ òsì ló sọ ọ́ di olè? Rárá o! Ohun méjì lè wà lára ẹnì kan, kó má jẹ́ pé ọ̀kan ló fa èkejì.

Irú àṣìṣe yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe ní Amẹ́ríkà. Ní December 14, 2012, ọmọkùnrin ẹni ọdún 20 kan gbé ìbọn wọ iléèwé Sandy Hook ní ìlú Newtown, ìpínlẹ̀ Connecticut. Ó pa ọmọdé 20 àti àgbàlagbà 6 níbẹ̀. Kò pẹ́ tí ìròyìn fi gbòde pé àwọn dókítà ti sọ tẹ́lẹ̀ pé ó ní Asperger, tó jẹ́ oríṣi ọ́tísímù kan. Làwọn èèyàn bá ní, "Ẹ ò rí i? Ọ́tísímù náà ni!"

Ọ́fíìsì tó ń gbèjà àwọn ọmọdé ní Connecticut ṣe ìwádìí ọ̀rọ̀ náà, wọ́n sì gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 2014. Wọ́n ní kì í ṣe ọ́tísímù ló fà á. Ìṣòro ọpọlọ mìíràn ń yọ ọmọkùnrin náà lẹ́nu, ó ń burú sí i, kò sì rí ìtọ́jú tó yẹ gbà. Ọ̀rọ̀ ìpànìyàn ti gbà á lọ́kàn, ìbọn sì wà nílé.

Ẹ wá wo ohun tí sáyẹ́ǹsì sọ. Ní Stockholm, orílẹ̀-èdè Sweden, àwọn onímọ̀ ṣàyẹ̀wò àkọsílẹ̀ àwọn ọ̀dọ́ 295,734. Àwọn 5,739 nínú wọn ló ní ọ́tísímù. Lákọ̀ọ́kọ́, ó jọ pé ilé ẹjọ́ dá àwọn tó ní ọ́tísímù lẹ́bi ìwà ipá ju àwọn yòókù lọ. Ṣé ká wá parí ẹ̀ síbẹ̀? Wọ́n ò parí ẹ̀ síbẹ̀ o. Wọ́n ro ti ADHD àti ìṣòro ìwà líle tó máa ń bẹ̀rẹ̀ láti kékeré mọ́ ọn, torí àwọn kan ní wọn pọ̀ mọ́ ọ́tísímù. Bí wọ́n ṣe ṣe bẹ́ẹ̀, àlékún yẹn pòórá. Kódà, ó wá rẹlẹ̀ díẹ̀ sí ti àwọn yòókù. Ọdún 2017 ni ìwádìí yìí jáde.

Ẹnì kan lè sọ pé, "Àmọ́ mo mọ ọmọ kan tó ní in, ó máa ń pariwo, ó máa ń gbá èèyàn." Òótọ́ ni, ó máa ń ṣẹlẹ̀. Ẹ fojú inú wò ó: ariwo jẹnẹrétọ̀ ń dún bíi pé inú etí yín ló wà, iná ń ta yín lójú, aṣọ ń ha yín lára, ẹ ò sì rí ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ máa fi sọ pé "ó ti tó." Kí lẹ máa ṣe? Nǹkan ti kọjá agbára ọmọ náà nìyẹn, kò gbèrò ibi sẹ́nikẹ́ni. Ẹ dín ariwo kù, ẹ fún un láyè, ẹ má lù ú.

Ní Amẹ́ríkà, nínú ọmọ ọdún mẹ́jọ 31, ó ń lọ bí ẹyọ kan tó ní ọ́tísímù. Tá a bá ń pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní apànìyàn ọ̀la, ìyá ẹ̀ á fi í pa mọ́ sílé, kò ní rí ọ̀rẹ́ bá ṣeré, kò sì ní rí ìrànlọ́wọ́. Nítorí náà, nígbà míì tẹ́ ẹ bá gbọ́ pé "ọ́tísímù ló fà á," ẹ rántí olè ọlọ́wọ́ òsì yẹn.