Oorun Ni Ìsinmi Ọpọlọ

Àṣejù ni baba àṣetẹ́. Ní ọdún 1960, Dókítà Raymond Prince, ẹni tí ó ti tọ́jú àwọn alárùn ọpọlọ ní Àrò, Abẹ́òkúta, kọ̀wé nípa àrùn kan tí ń ṣe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ wa: orí wọn a máa gbóná, ojú wọn a máa ṣú, ohun tí wọ́n ń kà kì í sì í yé wọn. Ní ọdún 1980, Olúfẹ́mi Morákinyọ̀ tọ́ka sí àìsùn àti oògùn tí í lé oorun.

Láyé ìgbà náà, ìwé ni ó ń gba oorun lójú ọmọ; lónìí, ẹ̀rọ ayélujára ni. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wà ní Ìkòyí, ilẹ̀ Ìjùmú, lè máa wo fóònù títí àkùkọ yóò fi kọ. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ a máa tan ọpọlọ jẹ pé ilẹ̀ kò tíì ṣú. Lọ́jọ́ kejì, ọkàn a wúwo, ìbínú a yá, ẹ̀kọ́ kì í sì í wọlé.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹni ọdún 13 sí 18 nílò oorun wákàtí 8 sí 10 lóru. Ẹ gbé fóònù jìnnà sí ibùsùn yín. Bí ọkàn yín kò bá sì balẹ̀ síbẹ̀, ẹ tọ òbí tàbí olùkọ́ yín lọ. Ẹni tí ó fi àrùn pamọ́ kò lè rí ìwòsàn.