Bí Ara Bá Yá, Ǹjẹ́ Ó Tó Àkókò Láti Fi Oògùn Àìbalẹ̀ Ọkàn Sílẹ̀?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó mọ bí a ṣe ń bẹ̀rẹ̀ sí í lo oògùn. Àwọn tí ó mọ bí a ṣe ń fi í sílẹ̀ kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ yìí dá lórí oògùn tí àwọn dókítà ń fún ẹni tí àìbalẹ̀ ọkàn ti di àìsàn sí lára, àti ohun tí ó yẹ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ gbé yẹ̀wò nígbà tí ó bá rí i pé ara òun ti yá.

Kò sí ẹni tí àyà kì í já. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn tàbí tí ó jẹ gbèsè kò lè ṣe aláìṣàníyàn. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rù bá ń ba ènìyàn lójoojúmọ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù láìsí ìdí tí ó tó bẹ́ẹ̀, tí àyà rẹ̀ ń lù kì-kì-kì, tí kò rí oorun sùn, tí kò sì lè ṣe iṣẹ́ oòjọ́ rẹ̀ mọ́, àìsàn ni èyí. Kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe àìnígbàgbọ́. Ìwòsàn wà fún un.

Ìyá aláṣọ kan

A lè fi obìnrin kan tí ó ń ta àdìrẹ ní ọjà Ìtòkú, ní Abẹ́òkúta, ṣe àpẹẹrẹ. Àìsàn yìí mú un tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé bí ó bá ti wọ àárín èrò, òógùn yóò bò ó, èémí rẹ̀ yóò máa há, yóò sì sá padà sílé. Dókítà fún un ní oògùn tí a ń pè ní sertraline. Nígbà tí oṣù méjì pé, ó ti ń padà sí ìsọ̀ rẹ̀. Ní oṣù kẹrin, ìyá ọkọ rẹ̀ wí fún un pé, “Ìyàwó wa, ara rẹ mà ti yá. Kí ni o tún ń gbé oògùn mì fún?” Òun náà dáhùn pé, “Òótọ́ ni, Ìyá. Owó rẹ̀ pàápàá ti ń wọ̀ mí lọ́rùn.” Ní alẹ́ ọjọ́ náà ni ó ti oògùn bọ abẹ́ àpótí.

Ní ọjọ́ kẹta, òòyì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ. Nǹkan ń ṣẹ́ wìrì nínú orí rẹ̀ bí ẹni pé iná mànàmáná ń gbé e. Èébì ń gbé e, oorun dá lójú rẹ̀, ó sì ń jágbe mọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Ó rò pé àìsàn náà ti padà dé, tàbí pé oògùn ti sọ òun di ẹrú. Ìrò méjèèjì kò tọ̀nà.

Ohun tí ó mú ara yá

Ẹni tí òjò kò pa nínú ilé rẹ̀ kò lè tìtorí èyí sọ pé òjò ti dá. Ó lè jẹ́ pé òrùlé ni ó ń gba òjò náà dúró. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ara yíyá lè jẹ́ iṣẹ́ oògùn, ó sì lè jẹ́ pé àìsàn ti lọ ní tòótọ́. Ojú lásán kò lè fi ìyàtọ̀ hàn láàárín méjèèjì.

Ní ọdún 2017, àwọn onímọ̀ ìṣègùn ní ilẹ̀ Netherlands ṣe àkójọ ìwádìí 28 lórí ọ̀ràn yìí. Àwọn aláìsàn tí ó wà nínú wọn ju 5,000 lọ, oògùn sì ti mú ara gbogbo wọn yá. A mú kí àwọn kan máa bá oògùn wọn lọ, a sì fi hóró tí kò ní agbára kankan rọ́pò oògùn àwọn yòókù. Láàárín nǹkan bí ọdún kan, àìsàn padà sí ara nǹkan bí 16 nínú 100 àwọn tí ó ń lo oògùn lọ, àti nǹkan bí 36 nínú 100 àwọn tí a gba oògùn lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀kọ́ méjì ni ó wà nínú èyí. Èkíní ni pé oògùn ń dáàbò bo ènìyàn àní lẹ́yìn tí ara bá ti yá. Èkejì ni pé púpọ̀ nínú àwọn tí ó fi oògùn sílẹ̀ ni àìsàn kò padà sí lára láàárín àkókò náà. Nítorí náà, ẹni tí ó fẹ́ fi í sílẹ̀ kì í ṣe aṣiwèrè, ẹni tí ó fẹ́ máa lò ó lọ kì í sì í ṣe ọ̀lẹ. Ohun tí ó ṣe pàtàkì ni ìgbà àti ọ̀nà.

Ohun tí ó yẹ kí a rò kí a tó pinnu

Ìlànà ìṣègùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ pé bí oògùn bá mú àníyàn tí kì í dáwọ́ dúró rọlẹ̀, kí aláìsàn máa lò ó fún ó kéré tán ọdún kan. Oṣù mẹ́rin ìyá aláṣọ yìí kò tíì tó. Lẹ́yìn èyí, ó yẹ kí a bèèrè pé: Ẹ̀ẹ̀melòó ni àìsàn náà ti ṣe ènìyàn rí? Ǹjẹ́ wàhálà tí ó bá a wá ti kúrò nílẹ̀? Ǹjẹ́ ọ̀fọ̀, ìdánwò tàbí kíkó kúrò nílé wà lọ́nà? Ǹjẹ́ aláìsàn ti kọ́ bí a ṣe ń fi ìgboyà kojú ohun tí ń dẹ́rù bà á díẹ̀díẹ̀? Obìnrin tí ó bá lóyún kò gbọdọ̀ dá oògùn dúró lójijì. Kí ó tètè lọ rí dókítà rẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ owó ni ìṣòro, kí a sọ ọ́ fún dókítà láìtijú, nítorí pé oògùn kan náà lè wà tí owó rẹ̀ kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà tí a ń gbà fi í sílẹ̀

Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi. Ọpọlọ ti mọ́ oògùn lára. Bí a bá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lójijì, yóò bínú. Ìdí nìyí tí dókítà fi ń dín ìwọ̀n rẹ̀ kù ní ìpele-ìpele, fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù. Ohun tí ó ń ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu ni pé ìpele ìkẹyìn ni ó le jù, nítorí pé ìwọ̀n kékeré pàápàá ń ṣe iṣẹ́ ńlá nínú ọpọlọ. Àwọn oògùn kò sì rí bákan náà: fluoxetine máa ń pẹ́ nínú ara kí ó tó tán, ṣùgbọ́n paroxetine ń tètè lọ, ìnira rẹ̀ sì máa ń pọ̀ jù.

Diazepam, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí Valium, yàtọ̀ sí ìwọ̀nyí. Ọjọ́ díẹ̀ tàbí ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni ó yẹ kí a fi lò ó, nítorí pé ó lè di bárakú. Ẹni tí ó ti ń lò ó pẹ́, tí ó wá dá a dúró lójijì, lè bọ́ sínú gìrì bí ti wárápá, èyí sì lè pa á.

Báwo ni a ṣe lè mọ ìnira fífi oògùn sílẹ̀ yàtọ̀ sí àìsàn tí ó padà dé? Ìnira yìí sábà máa ń dé láàárín ọjọ́ díẹ̀ tí a dín oògùn kù. Ó máa ń mú òòyì àti irú iná inú orí nì wá, ó sì sábà máa ń tètè rọlẹ̀ bí a bá padà sí ìwọ̀n tí a wà tẹ́lẹ̀. Àìsàn ní tirẹ̀ ń yọ́ wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù, pẹ̀lú ìwà rẹ̀ àtijọ́. Bí èrò àtipa ara ẹni bá wọlé, ilé ìwòsàn ni kí a gbà lọ ní ọjọ́ náà gan-an.

Ẹni tí yóò máa ṣọ́ni

Ní ọdún 1954, ní Aro lẹ́bàá Abẹ́òkúta, Dókítà Thomas Adéoyè Lambo ṣètò pé kí àwọn aláìsàn ọpọlọ máa gbé ní àwọn abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn ká, pẹ̀lú ẹbí wọn, kí wọ́n sì máa gba ìtọ́jú lọ́dọ̀ àwọn dókítà. Ó mọ̀ pé ojú ẹbí wúlò fún ìwòsàn. Ẹni tí ó bá ń dín oògùn kù náà nílò ẹnìkan nínú ilé tí ó mọ ìṣe rẹ̀, tí yóò sì tètè rí i bí oorun tàbí ìwà rẹ̀ bá yí padà.

Ìyá aláṣọ padà sí ilé ìwòsàn. Ó bèèrè pé, “Dókítà, ṣé oògùn yìí ti so mí mọ́lẹ̀ ni?” Dókítà dáhùn pé, “Ó tì o, Ìyá. Ẹ sáré sọ̀ kalẹ̀ ni. Bí àkókò bá tó, a ó jọ rọra sọ̀ kalẹ̀.” Ìyá ọkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, òun sì ni ó gbà láti máa ṣọ́ ọ.

Ìbéèrè fún ìjíròrò ní yàrá ìkàwé

1. Èé ṣe tí ara yíyá nìkan kò fi tó láti fi dá oògùn dúró?
2. Kí ni àṣìṣe ìyá aláṣọ, kí sì ni ìyá ọkọ rẹ̀ ìbá ti sọ?
3. Báwo ni a ṣe ń mọ ìnira fífi oògùn sílẹ̀ yàtọ̀ sí àìsàn tí ó padà dé?
4. Ta ni ó lè ṣọ́ni nínú agbo ilé, kí sì ni kí ó máa wò?