Ẹ̀kọ́ Kẹrìnlá: Okun Ara àti Àrùn Crohn

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ bí a ti ń ka orúkọ àrùn yìí. A ń kọ ọ́ ní Crohn, ṣùgbọ́n Kíróònù ni a ń pè é. Orúkọ ènìyàn ni. Ní ọdún 1932, ní ìlú New York ní Amẹ́ríkà, dókítà Burrill Crohn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì, Leon Ginzburg àti Gordon Oppenheimer, kọ̀wé nípa rẹ̀. Orúkọ Crohn ni ó lẹ̀ mọ́ ọn.

Kí ni àrùn náà ń ṣe? Olúkúlùkù wa ni ó ní ọmọ ogun nínú ara, tí ń bá àrùn jà. Lára ẹni tí ó ní Crohn, àwọn ọmọ ogun yìí ṣìnà. Wọ́n yíjú padà sí ìfun ẹni náà, wọ́n ń bá a jà. Ìfun á wú, á sì dégbò. Ó lè ṣẹlẹ̀ níbikíbi láti ẹnu títí dé ihò ìdí, ṣùgbọ́n ibi tí ìfun kékeré ti parí, tí ó kan ìfun ńlá, ni ó wọ́pọ̀ jù. Inú á máa run ènìyàn, á máa yàgbẹ́ gbuuru, nígbà mìíràn pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀, á sì máa rù.

Kì í ràn o. Ẹ lè bá a jẹun nínú àwo kan náà. Títí di òní, kò sí oògùn tí ó lè lé e lọ pátápátá, ṣùgbọ́n oògùn wà tí ó lè mú un sùn. Ó lè sùn fún oṣù tàbí ọdún, kí ó tún jí.

Àrùn tí ó jọ ọ́ pọ̀ lọ́dọ̀ wa: ìgbẹ́ ọ̀rìn, aràn inú, àti ikọ́ ẹ̀gbẹ tí ó bá wọ ìfun. Nítorí náà a kì í fi ojú lásán mọ̀ ọ́n. Dókítà ni yóò yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ìgbẹ́ wò, tí yóò sì fi ẹ̀rọ wo inú ìfun. Ẹni tí ó ń rù lójoojúmọ́, tí ó ń yàgbẹ́ ẹ̀jẹ̀, tí a ń sọ fún pé jẹ̀díjẹ̀dí lásán ni, tí a sì ń bu àgbo fún, àkókò rẹ̀ ni a ń fi ṣòfò.

Ọ̀rọ̀ okun ara gan-an ni a fẹ́ sọ. Ẹ lè wo ẹni tí ó ní Crohn, kí ojú rẹ̀ máa dán, kí ó máa rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí ó bá gun àtẹ̀gùn díẹ̀, á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Bí ó bá pọn omi lẹ́ẹ̀kan, á ní òun fẹ́ jókòó. Àwọn ará ilé á ní, "Ọ̀lẹ ni. Ṣé òun nìkan ni inú ń run?" A kò fara mọ́ ọ̀rọ̀ yẹn rárá. Ọ̀pọ̀ ìyàwó ilé àti ọ̀dọ́ ni irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń ṣe ní ibi ju inú rírun lọ.

Ẹ wo ibi tí agbára ń gbà lọ. Oúnjẹ tí ó jẹ kò wọ ara tán, nítorí ìfun tí ó dégbò kò lè gbà á. Ẹ̀jẹ̀ tí ń bá ìgbẹ́ jáde ń gbé irin inú ara lọ, bẹ́ẹ̀ ni irin yìí ni ẹ̀jẹ̀ fi ń gbé atẹ́gùn kiri ara. Èròjà kan tí à ń pè ní fítámì B12, ìparí ìfun kékeré ni ó ń gbà wọlé, ibẹ̀ náà sì ni àrùn yìí fẹ́ràn. Ẹni náà tún ń dìde lóru lọ yàgbẹ́. Àní nígbà tí àrùn bá sùn pàápàá, àárẹ̀ lè ṣẹ́ kù lára ọ̀pọ̀ ènìyàn. Nítorí náà, ẹ ní kí dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Bí irin tàbí B12 bá dín, ó ní ohun tí ó lè fún yín.

Oògùn kan wà, prednisolone. Ó máa ń tètè pa iná inú ìfun. Ṣùgbọ́n bí ó bá pẹ́ lára, ó ń sọ iṣan di aláìlágbára, ó sì ń mú kí egungun fúyẹ́. Ẹ má fi ọwọ́ ara yín dá a dúró lójijì o, ewu ni. Dókítà ni yóò máa dín in kù díẹ̀díẹ̀.

Ṣé agbára lè padà wá? Ó lè padà wá. Dwight Eisenhower jẹ́ ààrẹ Amẹ́ríkà. Àrùn ọkàn dá a dùbúlẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1955. Ní oṣù kẹfà ọdún 1956, Crohn mú kí ìfun rẹ̀ dí, wọ́n sì ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Ẹni ọdún 65 ni nígbà náà. Ní oṣù kọkànlá ọdún kan náà, wọ́n tún dìbò yàn án, ó sì ṣe iṣẹ́ náà títí di oṣù kìíní ọdún 1961.

Ti Kathleen Baker, ọmọ Amẹ́ríkà tí ó jẹ́ òmùwẹ̀, tún yà wá lẹ́nu ju ti ààrẹ lọ. Ọmọ ọdún 13 ni nígbà tí a mọ̀ pé ó ní Crohn, ní ọdún 2010. Ní ọdún 2016, ní ìdíje Òlíńpíìkì ní ìlú Rio ní Brazil, ó gba fàdákà nínú fífi ẹ̀yìn lúwẹ̀ẹ́ mítà 100, ó sì wà lára àwọn tí ó gba wúrà fún ìlú rẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 2018, ó fi ìṣẹ́jú àáyá 58 péré lúwẹ̀ẹ́ mítà 100 náà. Kò sí obìnrin tí ó tíì yára tó bẹ́ẹ̀ rí nígbà náà. Kì í sì í ṣe pé ó ń lo ara rẹ̀ bí ẹrú. Òun àti olùkọ́ rẹ̀ dín iye ìgbà tí ó ń wọ omi kù, kí ara rẹ̀ lè rí ìsinmi.

Àwa kò wá wúrà. Kí a lè rìn dé ọjà kí a sì padà, ó tó wa. Nígbà tí àrùn bá sùn ni kí ẹ kọ́ agbára. Ẹ rìn dé ìkóríta lónìí. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ kọjá ìkóríta díẹ̀. Ẹ jókòó lórí àga, kí ẹ dìde, kí ẹ tún jókòó, lẹ́ẹ̀márùn-ún, nígbà tó bá yá lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ẹ fi ọjọ́ kan sinmi láàárín. Kí ẹ tó lọ jìnnà, ẹ mọ ibi tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Sìgá ń mú Crohn burú sí i, ẹ jù ú nù.

Bí àrùn bá jí, ẹ dín iṣẹ́ kù, kí àwọn ọmọ bá yín gbé ẹrù. Ẹ mu omi dáadáa. Bí ibà bá dé, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ bá pọ̀, tàbí tí ikùn le tí ẹ ń bì tí ẹ kò sì lè yàgbẹ́, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an ni o.

Oúnjẹ kò bá gbogbo ènìyàn lára mu bákan náà. Ẹyin àti ẹja dára fún iṣan. Ẹ̀pà, àgbàdo àti ewébẹ̀ tútù lè yọ ẹnìkan lẹ́nu, kí wọ́n má ṣe ẹlòmíràn ní nǹkan kan. Báwo ni ẹ ó ṣe mọ èyí tí ó bá yín mu? Ẹ ti mọ̀ ọ́n kọ báyìí. Ẹ ra ìwé kékeré kan, kí ẹ máa kọ ọ́ báyìí:

Ọjọ́ Ajé. Mo rìn dé ọjà. Ó rẹ̀ mí díẹ̀. Mo jẹ ẹ̀kọ àti ẹyin. Inú kò run mí.
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Mo jẹ àgbàdo sísun. Inú run mí lóru. Mo yàgbẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta.
Ọjọ́rú. N kò rìn. Mo sinmi.

Ẹ mú ìwé náà lọ bá dókítà. Bí ó bá bèèrè pé, "Láti ìgbà wo?" ẹ ṣí ojú ewé náà, kí ẹ kà á fún un.