Ògbufọ̀ Ojú-Ẹ̀rọ, Atọ́kùn Rẹ̀ àti Àmì Tí A Kò Kọ

Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí kò sí nínú ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olótùú rẹ̀ ní 1984, nítorí pé iṣẹ́ èdè àti lítíréṣọ̀ ni ìwé náà dojú kọ. Ohun náà ni bí àwòrán ṣe ń ti inú kọ̀ǹpútà dé ojú-ẹ̀rọ tí a ń wò, nígbà tí àwọn méjèèjì kò bá gbọ́ èdè ara wọn.

Ẹ jẹ́ kí a mú ẹ̀rọ kan gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ: SN65DSI83 tí ilé-iṣẹ́ Texas Instruments ṣe. DSI ni èdè tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà kéékèèké fi ń rán àwòrán. LVDS ni ọ̀pọ̀ ojú-ẹ̀rọ gbọ́. Ẹ̀rọ yìí dúró láàárín wọn, ó ń gba DSI, ó sì ń sọ ọ́ di LVDS. Afárá ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń pè é, ṣùgbọ́n orúkọ yẹn kò tẹ́ wa lọ́rùn. Ohun tó bá gun afárá níhìn-ín náà ni yóò sọ̀ kalẹ̀ lọ́hùn-ún. Títúmọ̀ ni èyí ń túmọ̀. Ògbufọ̀ ló yẹ kí á pè é. Ètò tó ń darí rẹ̀ nínú Linux ńkọ́? Àwọn kan ìbá pè é ní awakọ̀, bẹ́ẹ̀ kò sì wa ọkọ̀ kankan. Atọ́kùn ni. Bí atọ́kùn ṣe ń gbẹnu sọ fún eégún láàárín èrò, bẹ́ẹ̀ ni ètò yìí ń sọ fún orísun àwòrán bí ògbufọ̀ ṣe fẹ́ kí a rán dátà sí òun.

Ọ̀nà ìránṣẹ́ méjì ló wà. Nínú ti àkọ́kọ́, ojú-ẹ̀rọ ní ibi ìpamọ́ tirẹ̀, nítorí náà ìgbà tí àwòrán bá yí padà nìkan ni a ń ránṣẹ́ sí i. Nínú ti kejì, kò sí ìpamọ́, a kò sì gbọ́dọ̀ dáwọ́ dúró. Ìgbà 60 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ló wọ́pọ̀. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò. Ojú-ẹ̀rọ tó ní tóótòótó àwọ̀ 1280 ní ìbú àti 800 ní òró, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba bíìtì 24, yóò jẹ bíìtì 1,474,560,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí a bá pín in sí ipa mẹ́rin, 368,640,000 ló kan ipa kọ̀ọ̀kan, a kò sì tíì ka àlàfo àárín ìlà.

Ọ̀nà kejì yìí tún pín sí mẹ́ta. Orísun lè kéde ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin àmì àkókò. Ó lè kéde ìbẹ̀rẹ̀ nìkan. Ó sì lè fi eré da ìlà kan sílẹ̀, kí ó wá fi àkókò tó kù sinmi láti dín agbára iná kù.

Nínú Linux, MIPI_DSI_MODE_VIDEO tó dúró fún ọ̀nà kejì jẹ́ 1. MIPI_DSI_MODE_VIDEO_BURST, ti eléré, jẹ́ 2. MIPI_DSI_MODE_VIDEO_SYNC_PULSE, ti ìbẹ̀rẹ̀-àti-òpin, jẹ́ 4. Atọ́kùn á ro wọ́n pọ̀: 3 ni eléré, 5 ni ìbẹ̀rẹ̀-àti-òpin. Èwo wá ni ti ìbẹ̀rẹ̀ nìkan? Kò ní àmì. Bí 1 bá dá dúró, òun náà nìyẹn.

Ibí yìí ni akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ti wà nílé. A kì í fi àmì sórí ohùn àárín, síbẹ̀ ohùn ni. Ẹni tó ní igbá lọ́kàn tó kọ igba ti kọ 200. Bákan náà, bí ògbufọ̀ bá ń retí òpin àmì àkókò tí atọ́kùn kò sì kọ 4, orísun kò ní bi í léèrè; ìbẹ̀rẹ̀ nìkan ni yóò máa rán. Àwòrán lè yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ojú-ẹ̀rọ sì lè ṣókùnkùn, bẹ́ẹ̀ wáyà kankan kò já.

Atọ́kùn SN65DSI83 kò dákẹ́ ní tirẹ̀. Ó kọ eléré, ó ní kí orísun fo àwọn àlàfo etí ìlà, kí ó má sì rán àmì ìparí ọ̀rọ̀. Ó sọ iye ipa, ó sọ irú àwọ̀, RGB888, kí ó tó fi mipi_dsi_attach so ara rẹ̀ mọ́ orísun. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo orísun ló lè ṣe ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Orísun náà ní atọ́kùn tirẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí ojú-ẹ̀rọ fi ṣókùnkùn ní láti ka ọ̀rọ̀ àwọn atọ́kùn méjèèjì.