Sí Àbẹ̀kẹ́, Tó Fẹ́ Du Ipò Kánsẹ́lọ̀

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Bàbá rẹ sọ fún mi pé o fẹ́ du ipò kánsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù wa nítorí ilẹ̀ oko tó ń tán lọ. Inú mi dùn púpọ̀. Ṣùgbọ́n ó tún sọ pé o ti ń bá àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ rẹ sọ ọ́ káàkiri pé tí o bá wọlé, o máa lé gbogbo ẹni tó ń ra ilẹ̀ kúrò ní Ọ̀fàdà, ìlú wa. Jọ̀ọ́, má sọ ọ́ mọ́.

Ta ló ń ta ilẹ̀ náà? Ṣebí àwa náà ni. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ wọ yunifásítì, tí ìrẹsì rẹ̀ há sóko nítorí pé ọkọ̀ ò lè gba ojú ẹrẹ̀, tí ẹnì kan wá ka owó sílẹ̀ níwájú rẹ̀, kí lo fẹ́ kó ṣe? Bí o bá pè é ní ọ̀dàlẹ̀ níbi ìpolongo, kò ní dìbò fún ọ, yóò sì ta ilẹ̀ náà síbẹ̀. Àwọn tó rà á ńkọ́? Owó ilé l'Ékòó ló lé ọ̀pọ̀ wọn dé ọ̀dọ̀ wa. Wọ́n ti kọ́lé, wọ́n ti bímọ síbí, ará ìlú ni wọ́n.

Ọdún 1978 ni wọ́n ṣí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Abúlé àti oko ni Mágbòrò, Ìbàfò àti Mówé, tó wà lẹ́bàá ọ̀nà náà, nígbà náà. Lónìí, òrùlé ni ojú ń rí. Kò sí ìpàdé kankan tí àgbà ti jókòó pinnu pé kí oko parí níbẹ̀. Pílọ́ọ̀tì kan ni wọ́n tà, wọ́n tún ta òmíràn, títí kò fi ku ibi tí ènìyàn yóò gbin ẹ̀gẹ́ sí. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù fún Ọ̀fàdà nìyẹn, òun ló sì jẹ́ kí n fẹ́ kí ẹni tiwa kan wà ní káńsù, tí yóò máa bèèrè ọ̀rọ̀ kí kátápílà tó dé.

Ọdún 1978 yẹn náà ni Òfin Ìlò Ilẹ̀ jáde. Kà á fúnra rẹ, má gba ti ẹni tó ń sọ ọ́ lẹ́nu. Òfin náà fi ilẹ̀ ìgboro sábẹ́ gómìnà, ó sì fi ìyókù sábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Abala 21 sọ pé ẹni tó ní ẹ̀tọ́ ìbílẹ̀ lórí ilẹ̀ kò gbọdọ̀ gbé e fún ẹlòmíràn láìgba àṣẹ ìjọba ìbílẹ̀. Abala 36 tilẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ: ilẹ̀ oko tí ẹbí ti ń dá kí òfin náà tó dé, tí kò sí nínú ìgboro, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gé e sí pílọ́ọ̀tì. Wo iye pátákó ilẹ̀ títà tó wà lójú ọ̀nà oko wa, ọmọ mi, kí o wá sọ fún mi bóyá ẹnì kan rántí abala yẹn! Ṣùgbọ́n ṣọ́ra o. Abala 3 fún gómìnà lágbára láti kéde pé ibì kan ti di ìgboro, àṣẹ á sì kúrò lọ́wọ́ káńsù. Nítorí náà, kí o tó la ẹnu ní gbangba, lọ sí ọ́fíìsì káńsù wa ní Owódé, kí o bèèrè ibi tí ààlà ìgboro dé nínú ìwé ìjọba. Bèèrè bákan náà nípa ìgbìmọ̀ tó ń gba ìjọba ìbílẹ̀ nímọ̀ràn lórí pípín ilẹ̀, èyí tí òfin yẹn kan náà ní kó wà. Àwọn wo ló wà nínú rẹ̀? Ìgbà wo ni wọ́n jókòó gbẹ̀yìn?

Òfin nìkan kò ní gba oko là. Bí ìrẹsì kò bá mówó wọlé, àwọn ènìyàn yóò máa ta ilẹ̀ lóru. Ìrẹsì wa ni wọ́n ń pọ́n sínú ewé ní òde àríyá l'Ékòó, tí wọ́n ń fi ata dídín jẹ, owó gidi sì ni wọ́n ń tà á. Mélòó nínú owó yẹn ló ń dé ọwọ́ obìnrin tó rẹ ẹ́, tó bọ̀ ọ́, tó sá a sí oòrùn? Àwọn alárobọ̀ ló ń jẹ èyí tó pọ̀ jù. Ọ̀nà oko, ọjà, àti ẹ̀rọ tó ń ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì ni kí o máa sọ ní ìpolongo. Ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 ka ọjà àti ọ̀nà mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, ó sì ní kí ó lọ́wọ́ nínú ètò ọ̀gbìn. Ní oṣù Keje ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ pàṣẹ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sí ọ̀dọ̀ rẹ̀. Tí wọ́n bá sọ fún ọ pé kò sówó, ní kí wọ́n mú ìwé wá.

Ọ̀rọ̀ owó tìrẹ náà wà níbẹ̀. Òfin kò gbà kí ènìyàn dá dúró láìsí ẹgbẹ́ òṣèlú, fọ́ọ̀mù sì ń náni lówó. Àwọn tó ń ta ilẹ̀ yóò kọ́kọ́ wá bá ọ, wọn á pè ọ́ ní ọmọ àwọn, wọn á ní àwọn fẹ́ ràn ọ́ lọ́wọ́. Má gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn, ìbáà jẹ́ owó epo ọkọ̀. Ẹni tó bá ra fọ́ọ̀mù fún ọ ni yóò pàṣẹ ohun tí wàá sọ nígbà tí wọ́n bá mú ọ̀rọ̀ ilẹ̀ wá síwájú káńsù. Jẹ́ kí a dá a jọ nínú ẹbí, kí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn àgbẹ̀ fi díẹ̀ kún un. Bí kò bá pé, dúró de ìdìbò mìíràn.

Má sì gbàgbé pé àwọn ọmọ tiwa náà fẹ́ kọ́lé. Jẹ́ kí a fi ẹnu kò sórí ibi tí ilé yóò wà, lókè, lẹ́bàá ọ̀nà, kí a sì fi àkúrọ̀ sílẹ̀ fún ìrẹsì. Ẹni tó bá rọ yẹ̀pẹ̀ sí àkúrọ̀, ilé aládùúgbò rẹ̀ ni omi yóò wọ̀.

Wá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, kí n mú ọ lọ sọ́dọ̀ àwọn olórí ẹbí tó ní ilẹ̀ ìsàlẹ̀ odò. Kúnlẹ̀ kí wọn dáadáa, kí o sì mú ìwé àti bírò dání. Má polongo fún wọn lọ́jọ́ náà. Bi wọ́n léèrè ohun tó mú kí wọ́n fẹ́ ta ilẹ̀, kí o kọ gbogbo ohun tí wọ́n bá sọ sílẹ̀.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ